Iná Kú, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú: Lámèyítọ́ lórí Kapellbrücke, Afárá Onígi Alórùlé ti Ìlú Luzern

Àṣamọ̀

Kapellbrücke, afárá onígi alórùlé tí ó wà ní ìlú Luzern, orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní èyí tí ó pẹ́ jù lọ nínú irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Lámèyítọ́ yìí yẹ gbólóhùn náà wò fínnífínní. Ó wo ìdí tí wọ́n fi kọ́ afárá náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ, ohun tí àwọn àwòrán inú rẹ̀ ń sọ àti ẹni tí ó sanwó wọn, àti ohun tí iná ọdún 1993 tú síta. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ogún méjì tí kò jọra ni ó wà lórí afárá kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ogún àwọn káfíńtà, tí ó lè bí irú ara rẹ̀. Èkejì ni ogún ayàwòrán, tí kò lè bí i. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn méjèèjì yóò ṣì wọ́n dá lẹ́jọ́. Ìjíròrò náà kan òpó àti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkéré, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni ó ń dúró de ìdáhùn níbẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ibi ìsìnkú àgbà ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde, láti fi ki àwọn ọmọ tí òkú fi sáyé lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò dáadáa, ìpínsọ́nà ni ó ń ṣe. Ohun kan wà tí ó kú tí kò fi nǹkan sílẹ̀ ju àmì ikú rẹ̀ lọ. Òmíràn wà tí ó kú tí ó fi irú ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tí ó bá dé ọgbà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹyọ kan ti lọ nínú agbo.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù Ẹ̀kẹjọ ọdún 1993, iná mú Kapellbrücke. Kí ilẹ̀ tó mọ́, apá tí ó pọ̀ jù nínú afárá náà ti di èédú, orígun méjèèjì nìkan ni ó kù pẹ̀lú ilé ìṣọ́ olókùúta tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹ̀kẹrin ọdún 1994, tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n ṣí afárá náà padà fún àwọn ènìyàn. Láti ìgbà náà ni èrò ti pín sí méjì. Ìhà kan gbà pé afárá tí ó wà níbẹ̀ lónìí kò ju àdàkọ lọ, nítorí náà irọ́ ni ọjọ́ orí tí à ń kà fún un. Ìhà kejì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀: afárá ọ̀rúndún kẹrìnlá ni, ó parí. Ìhà méjèèjì ni ó kùnà, ohun kan náà ni ó sì mú kí wọ́n kùnà: wọn kò béèrè irú ikú tí ó pa apá kọ̀ọ̀kan nínú afárá náà.

Odi Lórí Omi

Luzern wà níbi tí odò Reuss ti ń ṣàn jáde láti inú adágún ńlá. Ìlú àtijọ́ wà ní apá ọ̀tún odò, ìlú tuntun sì wà ní apá òsì. Odi lè yí ìlú ká lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu adágún ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀tá tí ó bá ní ọkọ̀ lè gba ojú omi wọlé láìkan ẹnubodè kankan. Ìṣòro yìí ni afárá náà wá yanjú. Ní nǹkan bí ọdún 1365 ni wọ́n kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí apá kan odi ìlú, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè máa rìn lórí rẹ̀ láti etí odò kan dé èkejì, kí ojú wọn sì máa wà lára adágún. Àwọn ìwé tí ó ti pẹ́ máa ń fi ọdún 1333 lélẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ ìsinsìnyí tẹ̀ lé ni èyí tí ó sún mọ́ 1365.

Ilé ìṣọ́ tí ó wà lẹ́bàá afárá náà, tí wọ́n ń pè ní Wasserturm, ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí 30 ọdún. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó ní igun mẹ́jọ, gíga rẹ̀ sì lé ní mítà 34. Láti ìgbà dé ìgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìṣúra ìlú sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń pa ìwé ìlú mọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ti ọ̀daràn mọ́lé tí wọ́n sì ti ń fìyà jẹ ẹ́ kí ó lè jẹ́wọ́. Orúkọ afárá náà gan-an kò ti ara ogun wá; ilé ìsìn kékeré ti Pétérù Mímọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó fún un ní orúkọ. Bí orúkọ ṣe ń fi ìwà pamọ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá gbọ́ "afárá ilé ìsìn" yóò rò pé ọ̀nà àdúrà ni wọ́n là, nígbà tí ó jẹ́ pé odi ni wọ́n mọ sójú omi.

Kapellbrücke kò dá wà. Afárá onígi alórùlé mẹ́ta ni Luzern ní. Hofbrücke ni ó lọ sí ọ̀nà ilé ìsìn ńlá ìlú náà. Spreuerbrücke, tí wọ́n parí ní ọdún 1408, wà ní ìsàlẹ̀ odò; orúkọ rẹ̀ wá láti ara ìyàngbò, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gba àwọn ènìyàn láàyè láti da ìyàngbò àti ewé gbígbẹ sínú odò. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí odi ìlú kò wúlò fún ogun mọ́, wọ́n wó Hofbrücke palẹ̀. Wọ́n da ilẹ̀ sí etí odò, wọ́n sì ń gé Kapellbrücke kúrú díẹ̀díẹ̀. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 270 ní ìbẹ̀rẹ̀, mítà 204.7 ni ó kù lónìí. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ iná. Iná kọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ afárá náà. Ọwọ́ onílé ti ń gé e kí iná tó dé, kò sì sí ẹni tí ó kọ orin arò lé e lórí.

Òrùlé àti Òpó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé nítorí ẹni tí ń kọjá ni wọ́n ṣe fi òrùlé bo afárá onígi. Ó ń gba òjò àti yìnyín fún un, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò pa lórí afárá yóò gbẹ nígbà tí ó bá délé. Igi afárá kò ní ilé tí yóò sá lọ. Nítorí igi ni òrùlé ṣe wà. Igi tí ó wà lábẹ́ omi títí kì í tètè jẹrà, nítorí pé atẹ́gùn tí olú tí ń jẹ igi nílò kò tó níbẹ̀. Igi tí ó gbẹ títí náà kì í jẹrà. Èyí tí ó tutù lónìí, tí ó fẹ́ gbẹ lọ́la, tí ó tún tutù ní ọ̀túnla, ni ó ń kú. Ibi tí igi ti wọ inú igi ni ó burú jù, nítorí pé omi máa ń sápamọ́ síbẹ̀, oòrùn kì í sì í rí i. Òrùlé tí ó bo gbogbo ojú ìpàdé wọ̀nyí ni ó mú kí afárá onígi lè pẹ́ ju ìran kan lọ.

Ní ti ìkọ́lé rẹ̀, iṣẹ́ Kapellbrücke rọrùn láti ṣàlàyé, kò rọrùn láti ṣe. Wọ́n gbá àwọn òpó igi mọ́ ìsàlẹ̀ odò ní ìdì-ìdì. Wọ́n na ìtì igi láti orí ìdì kan dé orí èkejì. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí mítà 7.6. Kí ìtì má baà tẹ̀ láàárín, wọ́n fi àwọn igi tí a dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbè é, tí ẹrù fi ń gba ara wọn padà sórí òpó. Lórí èyí ni wọ́n tẹ́ pákó tí ènìyàn ń tẹ̀, tí wọ́n ró ìgànná sí ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n sì gbé òrùlé onígun lé e. Afárá náà kò tọ́ gbọnrangandan. Ó ń tẹ̀ bí ó ti ń sọdá odò ní ìdábùú.

Ohun tí ó yẹ kí olùlámèyítọ́ rí nínú ètò yìí ni pé kò sí igi kan tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Apá òpó tí ó wà níbi tí omi àti atẹ́gùn ti ń pàdé ni ó kọ́kọ́ ń jẹrà, káfíńtà sì lè pa á rọ́ láìtú ilé yòókù. Bí ìtì kan bá sán, ìtì mìíràn lè gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ irú ilé báyìí ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé igi yóò kú. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò rọ́pò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá igi ọdún 1365 lórí afárá náà kí ó tó gbà pé ó pẹ́, ń béèrè ohun tí àwọn tí ó kọ́ ọ kò ṣèlérí. Spreuerbrücke jẹ́ ẹ̀rí kan náà: àkúnya omi gbé e lọ ní ọdún 1566, wọ́n sì tún un kọ́ láàárín ọdún méjì. Kò sí ẹni tí ó ń sọ lónìí pé afárá mìíràn ni.

Àwòrán, Ewì àti Ẹni tí Ó Sanwó

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí a bá gbójú sókè. Láàárín igun òrùlé, ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, ni wọ́n gbé pákó onígun mẹ́ta tí a ya àwòrán sí lára kọ́. Kò sí afárá onígi mìíràn ní Yúróòpù tí ó ní irú rẹ̀ àfi àwọn ti Luzern. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Hans Heinrich Wägmann, ayàwòrán tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, ya àwọn ti Kapellbrücke. Igi spruce ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú pákó náà. Gíga wọn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 85 sí 95, fífẹ̀ wọn sì wà láàárín 150 sí 181. Gbogbo wọn jẹ́ 158 ní ìbẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ewì kúkurú sí ní èdè Jámánì.

Ohun tí wọ́n yà ni ìtàn ìlú, ìtàn orílẹ̀-èdè, àti ìgbésí ayé àwọn ẹni mímọ́ méjì tí ìlú náà fi ṣe aláàbò, Leodegar àti Mauritius. Àkókò tí wọ́n yà wọ́n ṣe pàtàkì. Swítsàlandì ti pín sí méjì nípa ẹ̀sìn nígbà náà. Luzern dúró sínú Ìjọ Àgùdà, ó sì jẹ́ aṣáájú fún àwọn ìlú tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Renward Cysat, akọ̀wé ìlú náà tí ó kú ní ọdún 1614, wà lára àwọn tí ó la ètò àwòrán náà sílẹ̀. Àwọn ìdílé ńláńlá tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú ni ó sanwó pákó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya àmì ìdílé wọn sí i lára. Nípa báyìí, ìyá aláta tí ó ń ti ọjà bọ̀ àti ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kò lè sọdá odò láìgba abẹ́ orúkọ àwọn tí ó ń ṣàkóso wọn kọjá.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ arọ́kin kò ní ya ẹnu sí èyí. Ìtàn tí a ń pa lójú ọba kì í ṣàìmọ ibi tí ọba jókòó sí. Àwòrán kìn-ín-ní nínú ètò náà fi hàn kedere. Òmìrán Reiden ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1577 ni wọ́n rí àwọn egungun ńlá kan ní Reiden, abúlé kan ní ilẹ̀ Luzern. Felix Platter, oníṣègùn olókìkí láti ìlú Basel, yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ti òmìrán ni. Ìlú náà gba òmìrán náà tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tí ó ń di asà ìlú mú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ fi yé aráyé pé egungun màmọ́ọ̀tì ni, ẹranko ayé àtijọ́ tí ó jọ erin. Afárá náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti orí egungun ẹranko tí a pè ní ènìyàn.

Ó rọrùn láti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí ó bá dúró sórí yẹ̀yẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìtàn ìwáṣẹ̀ kì í dúró lórí òtítọ́ egungun. Ohun tí ìlú fẹ́ kí á mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni ó ń dúró lé. Ibi tí àléébù wà ni pé ètò náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ohùn kejì. Àwọn tí wọ́n tì mọ́ inú Wasserturm kò ní pákó. Àwọn káfíńtà tí ó gbá òpó sínú odò kò ní pákó. Bí a bá fi Spreuerbrücke wé e, ìyàtọ̀ yóò hàn. Níbẹ̀, Kaspar Meglinger ya ikú tí ó ń bá oríṣiríṣi ènìyàn jó, láti orí póòpù àti ọba dé orí tálákà. Olówó ni ó sanwó ti ibẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí owó fi ẹnikẹ́ni sí òkè ẹlòmíràn. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà tí ó ń bá gbogbo ẹni tí ń kọjá sọ̀rọ̀, ti Meglinger jinlẹ̀ ju ti Wägmann lọ. Ti Wägmann ni ó gbòòrò jù, òun sì ni iná jẹ.

Ohun tí Iná Tú Síta

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ara ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ afárá ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀, bóyá láti ara sìgá. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ òrùlé fúnra rẹ̀. Òrùlé tí ó mú igi gbẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ti pèsè igi gbígbẹ sílẹ̀ de iná, ihò gígùn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì di ọ̀nà tí iná ń gbà sáré. Ohun tí ó gba igi lọ́wọ́ omi ni ó fà á lé iná lọ́wọ́.

Ní ti àwọn igi ìkọ́lé, òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣẹ. Àwọn káfíńtà mọ ètò rẹ̀; wọ́n mọ ibi tí òpó wà, bí ìtì ti gùn tó, bí òrùlé ti ga tó. Wọ́n gé igi tuntun, wọ́n sì tò ó bí ti àtijọ́. Iṣẹ́ tí baba wọn ti ń ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ìran dé ìran ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà ni. Nítorí náà, ìhà tí ó pe afárá náà ní àdàkọ kò tọ̀nà. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe àdàkọ ìyá rẹ̀.

Ní ti àwòrán, òwe iná ni ó ṣẹ. Àwòrán 147 ni ó ṣẹ́ kù kí iná tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà lórí afárá ni ó jóná. Wọ́n ṣa àjókù 47 jọ. 30 péré nínú wọn ni wọ́n lè tún ṣe tán. Kò sí káfíńtà tàbí ayàwòrán tí ó lè bí èyí tí ó lọ. Ọwọ́ tí ó fa ọ̀dà náà ti kú láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kò sì fi ètò kan sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé kí ó sì bí irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ya òmíràn síbẹ̀ yóò ya àwòrán tirẹ̀ nípa àwòrán Wägmann. Ó lè dára. Kò lè jẹ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí ìhà kejì náà kò fi tọ̀nà, ìhà tí ó ń sọ pé nǹkan kan kò yí padà. Ẹni tí ó bá rìn gba orí afárá náà kọjá lónìí tí ó gbójú sókè yóò rí igi dúdú tí ọjọ́ orí ti pọ́n ní orígun méjèèjì, igi tuntun láàárín, àti ibi tí ìtàn ti já. Ó yẹ kí ó rí i. Eérú ni iná fi ń bojú, ẹni tí ó bá gbá eérú náà dànù ti mú kí iná náà ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì.

Láti Luzern dé Ìkéré

Ìpínsọ́nà yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, nítorí pé igi ni ohun èlò wa náà, ikán sì ń ṣe lọ́dọ̀ wa ohun tí omi ń ṣe ní Luzern. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ọdún 1924. British Museum sì gbà á, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, tí ọba jókòó sí iwájú tí olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Art Institute of Chicago.

Ní Chicago, kò sí òrùlé lórí òpó náà. Ní Luzern, òrùlé wà, àwòrán abẹ́ rẹ̀ ni ó lọ. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ wà láyé, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ilé tí ó fún un ní ìtumọ̀. Iṣẹ́ Wägmann ń pòórá, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ dúró. Àwọn tí ó ń jiyàn pé kí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé máa gbé ní ibi tí ewu kò sí yóò tọ́ka sí iná Luzern, ẹ̀rí wọn kò sì kéré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Àwòrán Luzern bá ẹni tí ń lọ sọ́jà sọ̀rọ̀ fún ohun tí ó lé ní 300 ọdún kí iná tó pa á lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀kùn Ìkéré kò pé ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ. Ọ̀kan pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú sídìí rẹ̀. Èkejì ń pẹ́ láìṣiṣẹ́. Kò tọ́ kí á ka èkejì sí ìtọ́jú lásán láìka ohun tí ó ná wa.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, kò yẹ kí Yorùbá máa fi òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tan ara wọn jẹ. Ó wọ́pọ̀ láti gbọ́ pé òpó tí ikán jẹ kò ṣe nǹkan, pé ọmọ agbẹ́gilére yóò gbẹ́ òmíràn. Bí òpó bá jẹ́ òpó lásán, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá ti inú agbo-ilé rẹ̀ wá lè bí iṣẹ́ tirẹ̀, kò lè bí ti Ọlọ́wẹ̀. Òpó kan náà lè ní ikú méjì nínú: bí agbára tí ó fi ń gbé òrùlé ró bá kú, a lè rọ́pò rẹ̀, bí ojú tí ó wà lára rẹ̀ bá kú, a kò lè rọ́pò rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Lámèyítọ́ yìí ti fi hàn pé "èyí tí ó pẹ́ jù lọ" kì í ṣe gbólóhùn kan tí a lè gbà tàbí kí a kọ̀ lódindi. Ó jẹ́ òótọ́ nípa ètò ìkọ́lé Kapellbrücke, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ láti máa gba ọmọ rọ́pò òkú. Kò jẹ́ òótọ́ nípa igi àárín rẹ̀, kò sì yẹ kí á béèrè pé kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nípa àwòrán, òótọ́ ni fún ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù, ibi tí ó ṣófo sì yẹ kí ó máa jẹ́rìí sí ìyókù.

Àbá méjì ni ó tẹ̀yìn èyí jáde fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Èkíní, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ààfin tàbí ojúbọ tí ó lọ́nà igi nínú, kí ó ya èyí tí a lè rọ́pò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò lè rọ́pò, kí owó ìtọ́jú tí kò tó nǹkan lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ lọ. Èkejì, kí á rántí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í bímọ nínú agbo tí wọ́n ti hú. Luzern rí igi tò padà ní oṣù mẹ́jọ nítorí pé àwọn káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ náà wà láyé. Níbi tí ọmọṣẹ́ kò bá ti sí lẹ́yìn agbẹ́gilére mọ́, òwe kìíní nìkan ni yóò kù fún wa láti pa.